Ẹ Béèrè Wáyà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ayélujára Inú Ilé

Nínú ilé kan tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú lónìí, fóònù márùn-ún lè wà níbẹ̀, síìmù sì lè tó méje. Olúkúlùkù ló ń ra dátà tirẹ̀. Bàbá ń ra ti oṣù kan. Ìyá ń ra ti ọ̀sẹ̀ kan nítorí ọjà tó ń pàtẹ lórí WhatsApp. Àkọ́bí tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB ń ra ti ọjọ́ kan ṣoṣo ní alẹ́ tí owó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń bẹ ẹni tó bá ní kó ṣí hotspot fún àwọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá mú bírò, tó ro gbogbo owó yìí pọ̀ ní ìparí oṣù, yóò rí i pé iye tí ilé náà ń ná lórí ayélujára kò kéré rárá. Síbẹ̀, ilé náà kò ní ayélujára. Àpò márùn-ún ló ní in. Nígbà tí dátà inú àpò kan bá sì tán, onítọ̀hún wà nínú òkùnkùn títí di ọjọ́ mìíràn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà gbà fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù pé wọ́n lè fi tó ìdajì kún iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ariwo ta. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fárígá, àwọn oníbàárà bínú, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n iye tó yẹ kí gígábáìtì kan jẹ́ ni gbogbo àríyànjiyàn náà dá lé lórí. Mélòó nínú wa ló béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé bí ẹni ń ra gàárì ní kóńgò ni a ṣe ń ra ayélujára sínú ilé?

Èrò tèmi nìyí: níbi tí wáyà bá ti lè dé, wáyà ni kí ìdílé yàn. Níbi tí kò bá tíì dé, kí àdúgbò béèrè fún un lápapọ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kò lè fa wáyà wọ àdúgbò. Wáyà tí mo ń wí ni fáíbà, okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ìdí tí mo fi dúró lé e tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn gbà, kí a sì wo ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún wa.

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston lè béèrè lọ́wọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ẹni tó bá kó wọ ilé tuntun níbẹ̀ máa ń rò ni pé: ṣé wáyà fóònù ni kí n fi gba ayélujára ni, àbí wáyà tẹlifíṣọ̀n? Ti fóònù jẹ́ okùn bàbà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Ohùn ènìyàn kò gba ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú ohun tí okùn náà lè gbé. Ibi tó kù ṣófo. Ibi tó ṣófo yẹn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kó ayélujára sí, tí wọ́n pè é ní ADSL, tó fi jẹ́ pé ìyá lè máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ọmọ rẹ̀ sì máa lo kọ̀ǹpútà lásìkò kan náà. Àléébù rẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn. Ilé tó bá sún mọ́ ibi tí gbogbo wáyà fóònù àdúgbò ti ń pàdé lè rí mẹ́gábíìtì 8 gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lè gbé e dé 24. Ṣùgbọ́n ilé tó wà ní kìlómítà márùn-ún sí ibẹ̀, èérún ló máa jẹ. Kò sí owó tí ènìyàn lè san tí yóò fa ilé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Wáyà tẹlifíṣọ̀n nípọn ju ti fóònù lọ, ó sì lè gbé ẹrù púpọ̀ jù ú lọ, nítorí àwòrán ni wọ́n ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé gbogbo àdúgbò ló ń pín in lò. Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ènìyàn wà níbi iṣẹ́, ó ń sáré bí àgbọ̀nrín. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí olúkúlùkù sì délé, ó di ìgbín. Nítorí náà ni àwọn tó gbọ́n níbẹ̀ fi máa ń bi aládùúgbò wọn léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí òótọ́ tí aládùúgbò bá sọ nípa aago mẹ́jọ alẹ́, iléeṣẹ́ kò ní sọ ọ́ nínú ìpolówó.

Méjèèjì ti ń kógbá wọlé. Ní Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n dá pé àwọn yóò pa ètò tẹlifóònù àtijọ́ yẹn tì pátápátá, fáíbà sì ti ń gba ipò rẹ̀ ní òpópónà dé òpópónà. Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání. Kò sí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ nítorí ayélujára ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Fóònù ló san owó ihò, tẹlifíṣọ̀n ló san owó okùn, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ayélujára tó dé. Nígbà tí ayélujára dé, ó bá ọ̀nà nílẹ̀. Nígbà tí okùn bàbà sì di ogbó, inú ihò kan náà àti orí òpó kan náà ni wọ́n ń fa fáíbà gbà.

Àwa ńkọ́? Wáyà ti wọ ilé Yorùbá rí. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Wọ́n ń fa wáyà láti orí òpó wọ inú ilé, wọ́n ń so ó mọ́ àpótí kan lára ògiri, onílé sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Rédífúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Àpótí náà kò ní ibi tí ènìyàn ti lè yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wọ́n bá sọ láti ọ̀hún ni olúwarẹ̀ yóò gbọ́. Kò sí ohun tí a lè pè é tó bá a mu ju asọ̀rọ̀mágbèsì lọ. Nígbà tí rédíò alágbèéká tó ń lo bátìrì wọ́pọ̀, kò sẹ́ni tó tún nílò àpótí ara ògiri mọ́, wáyà náà sì parẹ́ lára ilé wa.

Wáyà kejì ni ti tẹlifóònù, èyí kò sì dé ilé ẹni púpọ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn ti lé ní mílíọ̀nù 100. NITEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ló ń ṣàkóso wọn. Àwọn tó mọ ìgbà náà kò gbàgbé: ẹni tó bá fẹ́ ìlà yóò kọ̀wé, yóò dúró de ọdún, yóò sì mọ ẹni tí yóò rí kí ìwé rẹ̀ tó lè rìn. Abájọ tí ìlú fi jó nígbà tí MTN àti Econet dé, lẹ́yìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti san mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé àṣẹ. Ọ̀nà dé ọjà, ọ̀nà dé oko, ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi náà kò ní sọ pé ayọ̀ yẹn kò tọ́.

Ohun tí kò tọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìjọba ń ta NITEL láti 2001, ọjà kò sì tà. Wọ́n gbé e fún Transcorp ní 2006, wọ́n tún gbà á padà. Ìgbà tó fi máa di 2015 tí NATCOM ra ohun tó ṣẹ́kù ní mílíọ̀nù 252 dọ́là, okùn inú ilẹ̀ ti jẹrà, àwọn olè sì ti wú bàbà rẹ̀ tà. Orí afẹ́fẹ́ ni iléeṣẹ́ tuntun náà, ntel, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. N kò sunkún NITEL. Ihò tí wáyà rẹ̀ ń gbà kọjá ni mo ń kábàámọ̀, àti òpó, àti ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyẹn ni ogún tí kò jẹ́ kí ará Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, tí àwa kò sì rí jẹ.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, àwo orí òrùlé la gbà á sí láti àwọn ọdún 1990. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí a ṣe ń sọ pé a fẹ́ lọ san owó kéébù. Kéébù wo? Kò sí kéébù kankan lójú pópó. Ojú ọ̀run ni àwòrán náà ti ń bọ̀, okùn kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni èyí tó so àwo mọ́ dìkódà.

Nítorí náà, nígbà tí ayélujára dé ọ̀dọ̀ tiwa, kò bá wáyà kankan nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbà wọlé, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Nínú gbogbo ìlà tí NCC ń kà, èyí tí wáyà gbé wọ ilé kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹnì kan yóò ní kí ló burú nínú afẹ́fẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ó láàlà, ohun tó bá sì láàlà ni wọ́n ń wọ̀n tà. Gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ òpó kan ló ń pín agbára òpó náà. Bí ilé bá pọ̀ sí i ní àdúgbò, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Òpó náà ń mu dísù lóru àti lọ́sàn-án níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, owó dísù yẹn sì wà nínú gígábáìtì tí a ń rà. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kò fi lè sọ fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún pé kí wọ́n máa lo afẹ́fẹ́ òun bó ṣe wù wọ́n. Fáíbà yàtọ̀. Ìyára ni wọ́n ń tà lórí rẹ̀, wọn kì í sábà wọn ohun tó kọjá nínú rẹ̀. Láti ibùdó iléeṣẹ́ dé ara ògiri ilé, ọ̀pọ̀ irú èyí tí wọ́n ń fà wọ ilé kò nílò iná mànàmáná lójú ọ̀nà rárá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń rìn nínú gíláàsì, ohun tó ń pín in sí ilé kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà kò sì ní ẹ̀rọ kankan nínú. Bí ìran tó ń bọ̀ bá fẹ́ ìyára ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọn yóò pààrọ̀. Okùn inú ilẹ̀ yóò wà níbẹ̀.

Àwọn kan yóò rán mi létí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun ní tòsí Abidjan, tí báńkì kò ṣiṣẹ́ tí ayélujára sì daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣé wáyà náà nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tó ń lo afẹ́fẹ́ ni ọjọ́ náà kàn. Kò sí òpó fóònù kankan tí kò sí okùn lẹ́yìn rẹ̀ níbì kan. Okùn tó wá láti abẹ́ òkun tó sì gúnlẹ̀ sí Èkó kò kéré: SAT-3, Glo-1, MainOne, WACS, ACE, Equiano ti Google tó dé ní 2022, àti 2Africa. Omi kún etí òkun ní Lẹ́kì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi ṣíbí bù ú mu.

Èyí ló mú kí ọ̀nà tí ìjọba fi ń ka ìtẹ̀síwájú wa máa kọ mí lóminú. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe láti 2020 sí 2025 ní kí ayélujára tó yára dé ọ̀dọ̀ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí 2025 ń parí lọ, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n rí kà. Àní ìdajì ọ̀hún, ìlà ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ilé. Ẹni tó ní síìmù méjì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ méjì nínú ìṣirò. Ọmọ tó ra dátà ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan láti wo ìbéèrè JAMB ọdún tó kọjá wà nínú ìṣirò kan náà pẹ̀lú olówó tó fa fáíbà wọ yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ní Ìkòyí. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. A ń fi kọ̀ǹpútà dán ọmọ wò, a sì ń fi ojú fóònù kékeré tó ń ka dátà mọ́ ọn lọ́wọ́ kọ́ ọ. Bí mo bá ní ẹnu lọ́dọ̀ NCC, ohun tí n óò ní kí wọ́n máa tẹ̀ jáde lóṣooṣù ni iye ilé tí ènìyàn mẹ́rin ti lè ṣí fídíò ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni wo iye dátà tó kù.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ohun tí ẹni tó fẹ́ yàn lónìí yóò bá lórí igbá. Èyí tó rọrùn jù ni ráútà tó ń lo síìmù, tàbí màífáì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ayálégbé lè gbé e lọ bó bá kó ilé. Ó sàn ju kí fóònù márùn-ún máa ra dátà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹni tó bá rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo a máa rí ẹ̀dínwó. Òpó kan náà ni, ṣá. Bí fóònù kò bá rí nẹ́tíwọ̀kì nínú yàrá yẹn, màífáì náà kò ní rí iṣẹ́ ìyanu ṣe.

Starlink dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àwa la kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà. Fún ẹni tó ní oko tàbí ilé ẹ̀kọ́ ní Òkè-Ògùn níbi tí òpó fóònù kò ti mú ohùn dáadáa, ìbùkún ni, ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn nípa fáíbà tí kò tíì dé dí i lọ́wọ́. Ní ti ẹni tó ń gbé láàrin ìgboro, ó yẹ kó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Owó ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n. Ó ń jẹ iná tó wáàtì 50 sí 100 nígbà gbogbo tó bá wà ní títàn, ẹni tó ń lo ínfátà yóò sì mọ̀ ọ́n lára bátìrì. Ní ìparí 2024, wọn kò lè gba oníbàárà tuntun mọ́ ní Èkó nítorí pé ibi tó wà ti kún. Afẹ́fẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń jẹ́, ì báà ti ojú ọ̀run wá.

Fáíbà ní tirẹ̀ kò jẹ iná tó gílóòbù ìgbà àtijọ́ kan nínú ilé, bátìrì kékeré sì lè gbé e di àárọ̀. Àìsàn rẹ̀ wà lójú pópó. Kátápílà tó ń la gọ́tà, agbaṣẹ́ṣe tó ń fa omi, olè tó ṣèèṣì rò pé bàbà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gé e. Ìjọba fi òfin kan sí i ní 2024 tó sọ irú àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀ di ohun àbò orílẹ̀-èdè. Òfin dára, ṣùgbọ́n awakọ̀ kátápílà kò kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá gba fáíbà kó má ju síìmù rẹ̀ nù. Kó ní dátà díẹ̀ nílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n bá gé e, nítorí àtúnṣe lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Ìbéèrè tó ṣòro ni pé ta ni yóò gbé e wá? Iléeṣẹ́ máa ń ka ilé kó tó gbẹ́ ilẹ̀. Ibi tó bá ti rí ilé gíga àti ọkọ̀ ńlá ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìdí sì nìyẹn tí fáíbà fi mọ ọ̀nà Lẹ́kì àti Ìkẹjà, tí kò fi mọ ọ̀nà Apẹtẹ tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà kó tó jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá tún dá kún un. Àwọn gómìnà ti fẹnu kò lé e lórí pé kí ó jẹ́ 145 náírà lórí mítà kan, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní 2020. Èkìtì wà lára àwọn tó ṣe é lọ́dún náà. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe rí fún òpópónà kan tó gùn ní mítà 300. Ní 145 náírà, 43,500 náírà ni. Bí ìpínlẹ̀ kan bá ní 3,000 ni òun fẹ́ gbà, ó di 900,000 náírà, wọn kò sì tíì ra okùn kankan. Ará òpópónà yẹn ni yóò san án ní ìgbẹ̀yìn, tàbí kí iléeṣẹ́ má wá rárá. Gómìnà tó bá ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ béèrè iye tó ń gbà lórí mítà kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ní òun yóò fa 90,000 kìlómítà fáíbà sí i káàkiri orílẹ̀-èdè. Mínísítà Bósún Tìjání ló gbé ètò náà kalẹ̀ ní 2024, Báǹkì Àgbáyé sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú 500 mílíọ̀nù dọ́là. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òpópónà ńlá nìyẹn, láti ìlú sí ìlú àti láti ìjọba ìbílẹ̀ kan dé òmíràn. Ta ni yóò gbé e láti ẹnu ọ̀nà káńsù dé ẹnu ọ̀nà ìyá tó ń tajà lórí WhatsApp?

Níbí ni mo ti gbà pé àdúgbò ní iṣẹ́ ṣe. A mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Àdúgbò wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò dá owó tiransifọ́mà rí? Ẹgbẹ́ onílé ló ń ra òpó iná, ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ló ń san owó ọlọ́dẹ. Ti fáíbà tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kò ní kí wọ́n dá owó ra okùn. Orúkọ ni kí wọ́n kọ. Ilé mélòó ní òpópónà yìí ló ṣe tán láti san owó lóṣooṣù fún ọdún kan? Bí ilé ogún tàbí ọgbọ̀n bá fọwọ́ sí ìwé kan náà, tí alága ẹgbẹ́ sì mú un lọ sí iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí kí ènìyàn kan máa pe ìlà oníbàárà láràárọ̀, kí wọ́n sì máa dá a lóhùn pé àwọn kò tíì dé àdúgbò rẹ̀.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ìbéèrè kan wà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bi iléeṣẹ́. Ìyára aago mẹ́jọ alẹ́ ńkọ́, kì í ṣe ti ìdajì òru? Bí mo bá fẹ́ fi fídíò tàbí iṣẹ́ ránṣẹ́ jáde, ṣé ìyára náà dọ́gba pẹ̀lú èyí tí mo fi ń gbà wọlé? Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì fún ayàwòrán, fún àwọn pásítọ̀ àti àáfáà tó ń gbé wáàsí sórí ayélujára, àti fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ láti inú ilé. Okùn tó ń gbà wọlé nìkan kò yàtọ̀ púpọ̀ sí rédífúṣọ̀n. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé kò láàlà, kí wọ́n ka ìsàlẹ̀ ìwé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi í pamọ́ sí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo iye kan, àwọn yóò dín ìyára yín kù. Ọjọ́ mélòó ni àtúnṣe ń gbà? Ta ló ni òpó tí wọ́n fẹ́ rì sẹ́nu ọ̀nà wa? Kí ẹgbẹ́ má sì ta ẹ̀tọ́ àdúgbò fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó bá gba owó lọ́wọ́ ọ̀kan láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù ti fi aládùúgbò rẹ̀ ṣòwò, owó oṣù yóò sì gbéra ní ọdún kejì tí kò ní sí ibòmíràn tí wọn yóò sá lọ.

Ó ku àwọn ayálégbé, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú ìgboro wa. Wọn kì í sí níbi ìpàdé onílé. Onílé mìíràn kò ní gbà kí wọ́n lu ihò sí ògiri òun. Òmíràn yóò gbà, yóò wá fi ìyẹn fi kún owó ilé. Mo mọ̀ pé ìpínlẹ̀ lè fi òfin kékeré kan yanjú èyí, kó sọ ọ́ pé onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ wáyà ayélujára fún ayálégbé tó fẹ́ sanwó rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà kò bá ti ba ilé jẹ́. Títí di ìgbà náà, ẹ wo ilé alákọ́kọ́-kọjú-sí-ara-wọn kan tó ní yàrá mẹ́wàá. Bí okùn kan tó ń gbé mẹ́gábíìtì 50 bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, tí gbogbo yàrá mẹ́wàá sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, márùn-ún péré ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí sì tó fún ọmọ kan láti wo ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìdúró. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ná bóyá àdéhùn rẹ̀ gbà kí yàrá púpọ̀ pín in lò. Ìjà tí yóò wà níbẹ̀ ni ti ẹni tí kò san tirẹ̀ ní ìparí oṣù, ìjà yẹn kò sì ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n ti ń pín owó iná láàrin ara wọn láti ìgbà NEPA. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣì ní ojú ewé tó ṣófo.